Ọwọ́ Ẹni Tó Kọ́kọ́ Rajà: Ohun Tí Wọ́n Ń Sọ Nípa Oríire ní Ìkirè àti Àpòmù

Bí ọkọ̀ bá ti Ìbàdàn ń bọ̀, tó kọjá Àṣejírè, tó fẹ́ wọ Ìkirè, kò ní pẹ́ tí àwọn tó ń ta dòdò á fi sún mọ́ fèrèsé rẹ̀. Dòdò Ìkirè kò jọ dòdò ilé oúnjẹ. Ó dúdú, ó rí roboto, epo pupa ti mu ún dénú, ata rẹ̀ sì máa ń ta ní ètè. Èrò á sanwó, á gba tirẹ̀, ọkọ̀ á ṣí. Ohun tí èrò kì í dúró wò ni ohun tí ọlọ́jà ń fi owó náà ṣe bó bá jẹ́ pé òun ni owó àkọ́kọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Kò ní kì í bọ àpò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Á fi kan iwájú orí, á fi pa ọjà tó kù nínú igbá lórí yíká, ẹnu rẹ̀ á sì máa lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́: kí ajé ó wọ igbá, kí ọjà ó tà, kí òun má rìn lásán. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó kó o pamọ́.

Oníbàárà àkọ́kọ́ yẹn ti wọ inú ọ̀rọ̀ kan tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Bí ọjà bá yá lẹ́yìn tó lọ, ọlọ́jà á ní ọwọ́ rẹ̀ dára. Lọ́jọ́ mìíràn tó bá tún rí i, òkèèrè ni yóò ti ké sí i: “Bọ̀dá, ẹ wá bá mi ra ọjà àárọ̀ o, ọwọ́ yín dáa.” Bí ọjà bá sì jókòó títí òòrùn fi là, ẹni yẹn náà ló ń rò. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fẹ́ kí ẹni àkọ́kọ́ ná ọjà tán kó wá yí ẹ̀yìn padà. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má fi mí sílẹ̀ báyìí, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ dúró. Iye tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ mú un wá.” Ọ̀pọ̀ oníná-ọjà tó gbọ́n mọ̀ pé àárọ̀ kùtù lọjà máa ń dínwó. Àwìn ní tirẹ̀ kò ṣeé dárúkọ. Ẹni tó bá lọ tọrọ àwìn lọ́wọ́ ọlọ́jà tí kò tíì ta nǹkan kan láàárọ̀, ọ̀rọ̀ tí yóò gbọ́ kò ní dùn mọ́ ọn nínú.

Mo bọ̀wọ̀ fún ìgbàgbọ́ yìí, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀. Ẹ wo gbogbo iṣẹ́ tí obìnrin náà ti ṣe láti ìdájí. Ó yan ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n rà, ó gún un mọ́ ata àti iyọ̀, ó gbé epo kaná, ó ń ṣọ́ ọ kó má jó. Nídìí gbogbo èyí, kò fi nǹkan kan kan orí, nítorí ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́ yẹn dáadáa. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ kò dé ni ọkàn ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀. Kò mọ ẹni tí ebi ń pa, kò mọ ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò mọ awakọ̀ tí yóò dúró àti èyí tí yóò tẹ iná sí i. Ibẹ̀ ni àdúrà ti bẹ̀rẹ̀. Bronislaw Malinowski, onímọ̀ ará Poland tó bá àwọn apẹja erékùṣù Trobriand gbé láyé Ogun Àgbáyé Kìíní, rí irú nǹkan yìí lọ́dọ̀ wọn. Bí wọ́n bá fẹ́ pẹja nínú ọ̀sà tó parọ́rọ́, wọn kì í ṣètùtù, wọ́n á kàn lọ ni. Ọjọ́ tí wọ́n bá ń lọ sójú agbami, níbi tí ìjì ti lè dé láìròtẹ́lẹ̀, ni wọ́n ń ṣe gbogbo ètò tí bàbá wọn fi lé wọn lọ́wọ́. Ẹni tó bá ń fi àwọn ìyá tó ń tajà lẹ́bàá ọ̀nà ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọn ò lajú, kó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè bóyá òun lè fi ọjà tí yóò bàjẹ́ lọ́la dúró de ẹni tí òun kò mọ̀, kí ọkàn òun má sì wá ohun tí yóò dì mú.

Dòdò náà fúnra rẹ̀ ní ìtàn oríire tirẹ̀. Wọ́n ní ìyá àgbà kan ló wà ní Ìkirè láyé àtijọ́, oúnjẹ ti tán nílé, kò ku nǹkan kan ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rà kọjá sísè. Ẹlòmíràn ì bá kó o dànù. Ó pò ó mọ́ ata àti iyọ̀, ó dín in. Ó dùn, ó fún àwọn ará ilé jẹ, àwọn yẹn ní kó tún ṣe sí i, ọ̀rọ̀ sì di ọjà títí tí orúkọ ìlú fi mọ́ oúnjẹ lára. Wọn kì í dárúkọ ìyá náà, wọn kì í sì í sọ ọdún tó ṣẹlẹ̀, bí ìtàn ẹnu àwọn àgbà ṣe máa ń rí nìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ ni pé kò sí ọṣẹ àwúre níbẹ̀, kò sí aláfọ̀ṣẹ, kò sí ẹni tí wọ́n gba tirẹ̀. Obìnrin kan wo ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ronú.

Láti Ìkirè sí Àpòmù kò jìnnà. Ìkirè ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Irewọlé, Àpòmù ni ti Ìsọ̀kan; Akirè ń jọba lọ́hùn-ún, Alápòmù ń jọba níhìn-ín. Kòkó àti obì ni oko àwọn méjèèjì mọ̀. Ṣùgbọ́n Àpòmù ní ọjà kan tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá kò lè gbàgbé, ọ̀rọ̀ ọjà náà sì kan ohun tí a ń sọ yìí gan-an.

Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó kọ parí ní 1897, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 1921 lẹ́yìn ikú rẹ̀, sọ pé ọjà Àpòmù ni Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé nígbà náà. Lọ́jọ́ kan, Òwu àti Ìjẹ̀bú bẹ̀rẹ̀ sí í jà níbẹ̀ nítorí atare tí owó rẹ̀ kò ju ẹyọ márùn-ún lọ. Ìjà ọlọ́jà di ìjà ìlú, ẹ̀mí sọnù, Ìjẹ̀bú àti Ifẹ̀ gbé ogun dìde, àwọn Ọ̀yọ́ tí wàhálà ti lé kúrò nílé dara pọ̀ mọ́ wọn. Wọ́n dó ti Òwu fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, títí ìlú ńlá náà fi tú. Láti inú ogun yẹn ni ogun mìíràn ti ń bí ogun, tí Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta fi di ìlú tí a mọ̀ lónìí.

Nítorí atare! Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn, ẹni tó ń gbọ́ á sì di ọwọ́ mú ẹnu. Àmọ́ ẹni tó bá ka Johnson dáadáa á rí i pé kí atare tó dé ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ti ń jí èèyàn gbé lọ́jà Àpòmù láti tà lẹ́rú. Wọ́n ti kìlọ̀, Òwu ti fi ìdí ẹ̀ gbógun ti àwọn ìlú tó wà lágbègbè Ifẹ̀, ìkùnsínú ti pọ̀ nílẹ̀. Atare kàn jẹ́ ohun tó wà lójú àtẹ lọ́jọ́ tí ìbínú bú jáde. Òwò ẹrú àti ojúkòkòrò ló fọ́ Òwu. Ṣùgbọ́n atare rọrùn láti rántí, ó ṣeé fọwọ́ mú, ó sì dùn ún sọ fún ọmọdé.

Mo rò pé ibẹ̀ gan-an ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ oríire àti orí burúkú wà. Nǹkan ńlá ṣẹlẹ̀ sí wa, rere tàbí búburú; ìdí rẹ̀ gùn, ó lọ́ pọ̀, apá kan rẹ̀ kò hàn rárá. Ohun kékeré kan sì wà nítòsí lásìkò náà. A mú èyí tó wà nítòsí, a ní òun ni.

Atare kan náà yìí ni ẹni tó ń sọ ọmọ lórúkọ máa ń tú sọ́wọ́, tí yóò fi wúre pé bí ọmọ inú atare ṣe pọ̀ tó ni kí ọmọ ilé yìí pọ̀. Àwọn tó ń wúre tàbí tó ń sọ̀rọ̀ líle máa ń jẹ ẹyọ bíi mélòó kan kí ẹnu wọn lè múná. Nígbà kan náà, àwọn àgbà wa ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ẹ bi ìyá àgbà kan ní Àpòmù pé ọmọ mélòó ló bí, ó ṣeé ṣe kó ní, “Ọlọ́run ṣeun, wọ́n wà níbẹ̀.” Ẹ̀rù ń bà á kí nǹkan má gbọ́. Ẹni tó ti sin ọmọ rí kò ní bá a jiyàn.

Ẹyẹlé wà lára ohun tí a fi ń tọrọ ire, nítorí náà ó yẹ kí n sọ ohun tí ẹyẹlé ṣe ní Amẹ́ríkà. Ní 1948, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ B. F. Skinner kọ̀wé lórí ẹyẹlé mẹ́jọ tó jẹ́ kí ebi pa díẹ̀, tó sì fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú àpótí. Ẹ̀rọ kan ń gbé oúnjẹ jáde fún wọn lóòrèkóòrè, bí ìṣẹ́jú àáyá 15 sí ara wọn, ohun yòówù tí ẹyẹ ń ṣe. Kò pẹ́ tí mẹ́fà nínú wọn fi ní ìṣe tí a kò kọ́ wọn. Ọ̀kan ń yí po nínú àpótí, ó ń yí i lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, kí oúnjẹ tó dé. Ọ̀kan ń na orí sí igun òkè àpótí. Àwọn kan ń ju orí sọ́tùn-ún sósì. Ohun tí kálukú ń ṣe nígbà àkọ́kọ́ tí oúnjẹ yọ ni ó dì mú, ó rò pé òun lòun fi ń pè é wá. Oúnjẹ ì bá wá bí wọ́n dúró jẹ́ẹ́.

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ kíkọ. Bí ará Ìkirè méjì bá ń lọ lọ́nà tí wọ́n sì fi ẹsẹ̀ kọ, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan yọ̀ kí èkejì dúró. Ẹlòmíràn ní ẹsẹ̀ ọ̀tún ni òun fi ń rí ire, ẹlòmíràn ní òsì ni. Àwọn kan á padà sílé, wọ́n á jókòó díẹ̀, wọ́n á mumi, wọ́n á tún ọ̀nà mú. Bí ẹ bá bi wọ́n bí wọ́n ṣe mọ èyí tó jẹ́ tiwọn, wọ́n á sọ ìtàn ọjọ́ kan: ó fi ẹsẹ̀ òsì kọ, ó dé ibi tó ń lọ, kò bá ẹni tó lọ rí. Láti ọjọ́ náà ni ẹsẹ̀ òsì ti jẹ̀bi. Gbogbo ìgbà tí òsì kọ tí nǹkan kan kò sì ṣẹlẹ̀, kò sí ẹni tó kà á. Bákan náà ni àtẹ́lẹwọ́ tó ń yúnni, tí wọ́n ní owó ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìpéǹpéjú tó ń já: tòkè ní àlejò, tìsàlẹ̀ ní ẹkún. Ẹni tó gé ahọ́n ara rẹ̀ jẹ nídìí oúnjẹ, wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbì kan. Kì í ṣe àwa nìkan o. Ọ̀pọ̀ ilé gogoro ní Amẹ́ríkà ni kò ní àjà tí wọ́n kọ 13 sí. Wọ́n á ka 12, wọ́n á fò sí 14, àwọn tó ń gbé ní 14 sì mọ ibi tí àwọn wà. Ní Japan, 4 ni wọ́n ń sá fún.

Àwọn èyí tí ìyá àgbà máa ń fi kìlọ̀ fún ọmọdé ló pọ̀ jù. Má gbálẹ̀ lálẹ́, wàá gbá ire ilé dà síta. Má súfèé lóru, ejò á wọlé. Ejò ọ̀hún pàápàá, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, okùn là ń pè é. Má fi ìgbálẹ̀ na ọmọkùnrin, bó o bá ti nà án, yáa wá ọ̀nà tú u. Má ré ẹsẹ̀ ọmọ kọjá, kò ní ga mọ́. Bó o bá ti ré e, yáa ré e padà. Má jókòó sẹ́nu ọ̀nà jẹun. Má jẹ ìpápá ìdí ìkòkò, àfi bó o bá fẹ́ kí òjò rọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó ẹ. Bí òjò bá sì ń rọ̀ tí òòrùn ń ràn, ẹkùn ń bímọ nínú igbó nìyẹn. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ilé lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n ní ilé náà á tì, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ Jímọ̀ yìí kan náà ni Mùsùlùmí ìlú ń so yìgì fún àwọn ọmọ wọn, tí wọ́n sì ń bímọ bí ti gbogbo èèyàn.

Àwọn olùkọ́ àti oníwèé kan ti sọ ọ́ di àṣà láti wá ìdí ọlọ́gbọ́n fún gbogbo èèwọ̀ wọ̀nyí. Wọ́n ní nítorí kò sí iná ni wọn kò fi gbálẹ̀ lálẹ́, kí ohun ọ̀ṣọ́ má bàa bá ìdọ̀tí lọ. Èyí lè rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní jíjókòó sẹ́nu ọ̀nà ń dí èrò lọ́wọ́. Ó dára. Ṣùgbọ́n kí ni ìdí ọlọ́gbọ́n tó wà nínú kí òjò rọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó ẹni tó jẹ ìpápá? Èmi kò gbà pé gbogbo rẹ̀ ló ní àṣírí ìjìnlẹ̀ lábẹ́. Ìyá kan wà tó fẹ́ kí ọmọ fi ìdí ìkòkò sílẹ̀, kò sì ní agbára àríyànjiyàn lójú iná. Ó sọ ohun tí ọmọ kò lè já ní koro títí yóò fi dàgbà. Ó tó bẹ́ẹ̀. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò pa ẹnikẹ́ni lára, ó sì jẹ́ ká ní nǹkan tí a jọ ń rẹ́rìn-ín sí. Fásitì Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní ọgbà ní Ìkirè, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ nípa èdè, ìtàn àti àṣà. Ó wù mí kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ gbé fóònù wọn lọ bá àwọn ìyá àgbà ìlú méjèèjì, kí wọ́n gba ohùn wọn sílẹ̀ kí ọjọ́ tó lọ.

Nínú èrò àwọn baba wa, oríire kò fìgbà kan jẹ́ ohun tí èèyàn fi ọwọ́ lérán dúró dè. Orí ni a yàn wá sáyé, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n Wáńdé Abímbọ́lá, nínú ìwé rẹ̀ lórí Ifá tó jáde ní 1976, fi hàn pé Ifá fi ẹsẹ̀ kún orí. Bí orí ẹni bá dára tó, ẹsẹ̀ ni yóò gbé e dé ibi tí ire wà. Àwọn ìyá tó ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀ ní Ìkirè kò ka ìwé náà, wọ́n sì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n fi owó kan orí lẹ́ẹ̀kan, wọ́n fi ẹsẹ̀ sáré títí di alẹ́.

Bó bá jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ parí síbẹ̀, n kì bá tí gbé kálàmù. Àwọn èyí tó ń pa èèyàn lára wà, wọ́n sì ń gbé nínú ilé kan náà pẹ̀lú àwọn tó dùn.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹyin. Ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin á di olè: títí di òní, àwọn ilé kan ṣì ń sọ ọ́, bí wọn kò bá tilẹ̀ sọ ọ́ mọ́, wọ́n ń ṣe é. Bàbá á jẹ ẹran ńlá, ọmọ tí egungun rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń le á lá ọbẹ̀. Ẹyin adìẹ kan ní tó gíráàmù mẹ́fà èròjà tó ń mú ara dàgbà, ó sì wà lára èyí tó rọrùn jù fún tálákà láti rí. Mo mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀: ẹran ṣọ̀wọ́n, wọn kò fẹ́ kí ọmọ mọ́ adùn tí wọn kò ní lè fún un lójoojúmọ́, kó má lọ máa jalè rẹ̀. Ọgbọ́n ìgbà ọ̀wọ́n ni. Ṣùgbọ́n ara ọmọ ló fi ń sanwó rẹ̀, ọmọ náà kò sì mọ̀ pé òun ń sanwó.

Èyí tó tún dunni jù ni ọ̀rọ̀ àbíkú. Ìyá bí, ó kú. Ó tún bí, ó tún kú. Wọ́n ní ọmọ kan náà ló ń lọ tó ń bọ̀. Wọ́n á fi abẹ ya òkú ọmọ lára, wọ́n á gé ìka rẹ̀, kí ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́run lè kọ̀ ọ́. Wọ́n á sọ èyí tó tẹ̀ lé e ní Málọmọ́, Dúrójayé, Kòsọ́kọ́. Kò sí ẹni tó lè gbọ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kó má mọ ẹkún tó wà nínú rẹ̀. Ìyá náà ńkọ́? Wọ́n ti ní orí rẹ̀ kò dára. Ní 1910, dókítà kan ní Chicago, James Herrick, ṣàpèjúwe ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kan tí àwọn sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ rí bíi dòjé, àrùn tí à ń pè ní sickle cell lónìí. Gbogbo àbíkú kọ́ ló jẹ́ sickle cell, ibà àti ìgbẹ́ gbuuru pa ọ̀pọ̀, àmọ́ Nàìjíríà ni wọ́n ti ń bí ọmọ tó ní àrùn náà jù lọ ní gbogbo ayé. Bí ẹnì kan nínú mẹ́rin wa ló ń gbé jẹ́nótáìpù AS kiri láìṣàìsàn. Bí AS bá fẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti jẹ́ SS, ìyẹn ọmọ tó ní àrùn náà. Bàbá wà níbẹ̀, ìyá wà níbẹ̀, ìdajì dé láti ọ̀dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Obìnrin nìkan ni wọ́n fi ń ṣe olórí burúkú.

Pé irú ìdájọ́ yìí ṣeé yí padà, ìbejì ni ẹlẹ́rìí. Ìtàn àwọn àgbà sọ pé láyé ọjọ́un, àwọn Yorùbá kan ń bẹ̀rù ìbejì, wọ́n kà wọ́n sí àmì ibi, ẹ̀mí wọn sì wà nínú ewu. Lẹ́yìn náà ni wọ́n di ẹni tí à ń gbẹ́ ère fún, tí à ń se ẹ̀wà fún, tí wọ́n ní wọ́n ń sọ òtòṣì di olówó. Ọmọ méjì kan náà ni, inú oyún kan náà. Ní Ìgbó-Ọrà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, níbi tí ìwádìí Patrick Nylander ti fi hàn pé nǹkan bí 45 nínú 1,000 ìbí ló ń jẹ́ ìbejì ní agbègbè náà, wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún ìbejì láti 2018, àlejò sì ń ti òkèèrè wá. Ohun tó yí padà ni ohun tí a sọ nípa wọn.

Ẹ wá bá mi wo ìyàwó tuntun. Wọ́n gbé e wọlé lóṣù yìí, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọkọ lóṣù tó ń bọ̀, ìyá ọkọ á ní ẹsẹ̀ tó gbé wọlé kò dára. Ilé iṣẹ́ lé èèyàn, owó ilẹ̀ wa ń já wálẹ̀, ọkọ fúnra rẹ̀ lè ti máa pẹ́ níbi iṣẹ́ láti ọdún mẹ́ta. Gbogbo èyí gùn jù láti rò. Ẹsẹ̀ ìyàwó ló wà nítòsí. Mo ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti tú ilé, mo sì ti rí ibi tí obìnrin gbà á gbọ́ nípa ara rẹ̀, tó ń tọ́ ọmọ pẹ̀lú ìtìjú pé òun lòun kó ìyà bá wọn. Nígbà tí nǹkan bá dára fún ọkọ, ẹ kíyè sí i, ẹnu kì í yá láti sọ pé ẹsẹ̀ ìyàwó ni. Orí ọkọ ló ṣe é.

Nígbà tí obìnrin yìí kan náà bá dàgbà, tó wá di ẹni tó ń dá gbé, tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ díẹ̀ nítorí ọjọ́ orí, wọ́n á pè é ní àjẹ́ tó dè wọ́n lọ́wọ́ àtilà. Kí ẹni tó ń ka èyí mọ̀ pé abala 210 nínú Criminal Code, òfin ìwà ọ̀daràn ilẹ̀ wa, sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti fi ẹ̀sùn àjẹ́ kan ẹnikẹ́ni, ẹ̀wọ̀n ọdún méjì sì lè wà níbẹ̀. Òfin náà ti wà tipẹ́. Àwọn tó ń tọ́ka sí ìyá ẹlòmíràn lórí pẹpẹ ìwàásù kò mọ̀ ọ́n, tàbí wọn kò bìkítà.

Ìpẹ̀kun ọ̀nà yìí ni oògùn owó. Ní oṣù kẹta 2014, wọ́n ṣí igbó Ṣóká ní Ìbàdàn, wọ́n bá egungun òkú àti èèyàn tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ láàyè. Láti Ìkirè síbẹ̀, ìrìn ọkọ̀ díẹ̀ ni. Ní oṣù kìíní 2022, wọ́n mú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Abẹ́òkúta lórí ikú ọmọbìnrin kan, ọ̀kan nínú wọn sì sọ pé orí Facebook lòun ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi èèyàn ṣoògùn owó. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin ní Àbújá rọ ìjọba àpapọ̀ láti kéde pàjáwìrì lórí rẹ̀. Láti orí ìyá tó fi owó àárọ̀ kan iwájú orí ara rẹ̀, dé orí ẹni tó gé orí ọmọ ọlọ́mọ, ọ̀nà náà jìn gan-an, n kò sì gbọ́dọ̀ da àwọn méjèèjì pọ̀. Ìyá yẹn ń tọrọ lórí ara rẹ̀, ó sì tún fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá a. Èkejì gbà pé ire òun wà nínú ara ẹlòmíràn. Ẹyin tí a gbà lọ́wọ́ ọmọ, orí burúkú tí a dì ru ìyá àbíkú, ẹsẹ̀ tí a fi sùn ìyàwó, inú ìgbàgbọ́ kejì yẹn ni wọ́n ti wá, bí wọ́n tilẹ̀ kéré sí i.

Nítorí náà, mo bẹ ẹ̀yin ìyá àti bàbá ní Ìkirè, ní Àpòmù, ní ibikíbi tí ẹ bá wà. Ẹ fún ọmọ lẹ́yin. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yín àti àwọn tí wọ́n fẹ́ fẹ́ ṣe àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù kí ẹ tó gba owó orí. Bí ọmọ yín ọkùnrin tí kò níṣẹ́ bá sì gbé ọkọ̀ ńlá wọ àdúgbò láti Ìbàdàn tàbí Èkó, ẹ má tíì kí i kú oríire. Ẹ kọ́kọ́ bi í ní iṣẹ́ tó ṣe.